Sí Àníkẹ́, Lórí Ọ̀rọ̀ Ọkọ̀ Onígi Bàbá Àgbà

Ṣọ́ọ̀bù wa, Grand Marché,
Bouaké.
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Àníkẹ́ mi, ọmọ tó ń jẹ́ kí n máa yan láàárín ọjà,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó, nítorí ó gùn, n kò sì fẹ́ kí o máa kà á pẹ̀lú ayùn lọ́wọ́. Ara wa le níhìn-ín. Orúnkún mi òsì ṣì ń ráhùn bí òjò bá ṣú, ṣùgbọ́n ta ni kò ní ohun tó ń ráhùn nílé rẹ̀? Ìyá rẹ ní kí n béèrè bóyá o ń jẹun dáadáa, àbí èérún pákó lò ń gbé mì. Mo bá ọ dáhùn pé ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí gbẹ́nàgbẹ́nà mọ́kànlá ní Abidjan á mọ ọ̀nà ilé olóúnjẹ. Ó ní kì í ṣe èmi lòun bi, ìwọ lòun bi. Nítorí náà, fi èsì ránṣẹ́ sí i.

Mo mọ̀ pé lẹ́tà á yà ọ́ lẹ́nu. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá o pè mí, o bi mí léèrè: “Papa, ọkọ̀ onígi Bàbá Àgbà yẹn, ça vaut la peine? Ṣé ó tó ohun tí èèyàn ń tún ṣe, àbí kí ẹ jẹ́ kí wọ́n kó o lọ?” Mo ní n ó pè ọ́ padà. N kò pè. Kì í ṣe pé kírédíìtì tán lórí fóònù mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èsì náà tó jẹ́ pé bí mo bá gbé fóònù, ẹnu mi á fò ó. Bí Yorùbá inú ìwé yìí bá ń lọ́ mọ́ ọ lójú, kà á sókè bí a ṣe máa ń ṣe lórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù nígbà tí o wà ní kékeré, ìwọ lápá kan, èmi lápá kejì, tí àwọn oníbàárà á dúró máa gbọ́ wa.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà báyìí nìyí. Onílẹ̀ àgbàlá tí ọkọ̀ náà wà ní àdúgbò Gonfreville fẹ́ kọ́lé sí i, ó ní kí ọkọ̀ kúrò níbẹ̀ kí oṣù yìí tó tán. Ẹni tó ń ra irin àlòkù ti wá lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi bàtà ta táyà, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó ní: “Le vieux, èyí kì í ṣe mọ́tò mọ́ o, àkísà irin ni.” Ìyá rẹ ní kí n jẹ́ kó gbé e lọ, pé alángbá ló kù tó ń wọ̀ ọ́. Ìwọ nìkan lo ní kí wọ́n dúró. O ní ọ̀gá rẹ ti fún ọ láyè lẹ́yìn ilé iṣẹ́, pé o lè máa ṣe é díẹ̀díẹ̀ bí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀, ṣùgbọ́n o kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́ ohun tí bàbá rẹ máa sọ.

Kí n tó sọ ọ́, jẹ́ kí n yangàn díẹ̀. Bàbá ni mí, ẹ̀tọ́ mi ni. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó lọ, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí títí gbogbo àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ fi jáde, mo ń sọ fún wọn níkọ̀ọ̀kan pé wọ́n ti fi ọmọ mi ṣe olórí. Àwọn tó wá bá mi nígbà tí o lọ kọ́ṣẹ́ igi, tí wọ́n ní, “Ràímì, obìnrin kì í fá pákó, jẹ́ kó wá máa ta aṣọ,” àwọn gan-an ni mo dúró dè. Ọ̀kan nínú wọn rí mi, ó fẹ́ gba ẹ̀yìn jáde. Mo pè é padà. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni, kí Ọlọ́run foríjì mí, nítorí mo gbádùn rẹ̀ gan-an.

Ó dára. Ó kan ọkọ̀.

Ìwọ, àfọ́kù lo bá. Irin tó ti dípẹtà lo mọ̀, páànù lórí rẹ̀, ọ̀dà àwọ̀ ewé tí mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, ìjókòó káà àlòkù tí mo dè mọ́ ilẹ̀ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mìíràn tí mo fi túláàsì tì sínú rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni èmi ṣe bá a. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí mo kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá bàbá mi ní Bouaké, ọkọ̀ yẹn ni mo sì kọ́kọ́ rí níwájú ṣọ́ọ̀bù. Iwájú rẹ̀ jẹ́ irin bíi ti gbogbo ọkọ̀. Ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn iwájú títí dé ìdí, igi ni: òpó igi, ẹ̀gbẹ́ igi, férémù fèrèsé igi, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí à ń ṣí sókè náà, igi. Faransé kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló tà á fún bàbá mi. Gbogbo ìparí oṣù ni bàbá mi máa ń fi òróró pa á lára, á sì máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹṣin sọ̀rọ̀. Òun ló ń kó aṣọ lọ sọ́jà Djébonoua, òun ló ń gbé ìyàwó tuntun, òun ló ń gbé aláboyún tó ń rọbí. Àwọn Jùlá inú ọjà ń pè é ní yirimobili, ìyẹn mọ́tò igi. Bàbá mi ní tirẹ̀ ń pè é ní bíréèkì.

Fọkàn sí ọ̀rọ̀ bíréèkì yẹn. Break ni àwọn Faransé ń pe irú ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo ti wá, bíréèkì ni ohun tí awakọ̀ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ọkọ̀ lè dúró. Èyí tí awakọ̀ ń tẹ̀ yẹn, bàbá mi tó ti pẹ́ níbí ń pè é ní fírẹ̀, bí ìwọ náà ṣe ń pè é.

O mọ ìtàn tí gbogbo ọjà máa ń sọ. Wọ́n sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ rẹ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo bá kú. Ìyá bàbá mi kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá mi sì ń lọ ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ fún un. Igi ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà díẹ̀ nígbà yẹn. Ní ibùdókọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nínú káà, ọkọ̀ èrò ńlá tó ń lọ sílé, ó yíjú sí mi: “Ràímì, má fọwọ́ kan bíréèkì kí n tó dé. Bí mo bá dé, a ó jọ ṣe é.” Nígbà tó dé lẹ́yìn oṣù méjì, kò sí igi mọ́. Mo ti gé gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀ kúrò, mo ti jó irin mọ́ ọn, mo ti fi tapólì bò ó, mo ti sọ ọ́ di báṣé tí wọ́n fi ń kó iṣu. Ó bi mí pé kí ni mo ṣe yìí. Mo ní: “Bàbá, ẹ ní kí n má fọwọ́ kan bíréèkì. N ò fọwọ́ kàn án. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò.” Ó wọ inú ọkọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ wò. Ó wò mí, ó ní, “Lóòótọ́. Bíréèkì wà níbẹ̀.” Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì gba ìta lọ, ó lọ sọ ọ́ fún àwọn aládùúgbò ṣọ́ọ̀bù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di Ràímì Bíréèkì, orúkọ tí àwọn arúgbó ọjà ṣì ń pè mí dòní.

Ìtàn tó dùn ni. Lọ́jọ́ Àìkú, o fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ láìmọ̀. O ní: “Papa, nígbà tí mo wá kí yín, mo wo àwọn òpó méjì tó kù lẹ́yìn ilẹ̀kùn iwájú. Wọ́n fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí wọn kí wọ́n tó gé wọn. Wọ́n wọn apá ọ̀tún, wọ́n wọn apá òsì, ó bára mu pátápátá. Ẹni tó ṣe àṣìṣe kì í wọn nǹkan. Vraiment, Papa, ẹni tó gé ọkọ̀ yìí, inú ló ń bí i sí i.” O ń rẹ́rìn-ín bí o ṣe ń sọ ọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ lò ń sọ, bí dókítà ṣe ń sọ̀rọ̀ àpá. N kò lè rẹ́rìn-ín.

Àníkẹ́, mo mọ ohun tí bàbá mi ń wí ní ibùdókọ̀ yẹn. Mo ti lo ju ọdún kan lọ ní Bouaké nígbà náà. Mo mọ bíréèkì, mo mọ fírẹ̀. Pákó ìrókò mẹ́fà tó rà sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, orí wọn ni mo ń sùn lálaalẹ́. Ìyá rẹ kò mọ èyí títí di òní. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé, ọjọ́ mẹ́wàá kí ó tó rìnrìn àjò, mo ń wa ọkọ̀ náà fà sẹ́yìn nínú ọjà, mo fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ha òpó sìmẹ́ńtì. Ó ha á jinlẹ̀. Bàbá mi jáde, ó fi ìka tọ ojú àpá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì wí lójú gbogbo èèyàn pé, “Ọwọ́ ọmọ yìí, nǹkan ló ń bà jẹ́.” Ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ó tún un sọ ní Jùlá, kó má baà sí ẹni tí kò ní gbọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, mo ti gba orúkọ: Ọwọ́ Abànǹkanjẹ́. Bí mo bá ń kọjá, àwọn aláṣọ á fa ẹrù wọn sẹ́yìn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́jọ́ náà, àgbà ló wọ́ orí mi fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí káà rẹ̀ gbéra, mo mú pẹ́ńsùlù. Mo wọ̀n ọ́n dáadáa, nítorí mo fẹ́ kó rí i pé ọwọ́ mi mọ iṣẹ́. Mo fẹ́ gé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gan-an sí méjì, èyí tí mo ha. Mo fa ìlà sí inú rẹ̀, mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ “GÉ NÍBÍ” sí i. Ṣùgbọ́n eyín ayùn ti kú kí n tó dé orí rẹ̀, mo sì jù ú sẹ́yìn ilé.

O ti wá mọ irú ẹni tó fẹ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn. Gbọ́ ìmọ̀ràn náà wàyí.

Èkíní. Mo rò pé ẹ̀ṣọ́ ni igi ọkọ̀ náà. Mo ní ṣáàsì irin ló ń gbé ọkọ̀ ró, pé igi kàn wà fún fáàrí àwọn Faransé ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a fi báṣé mi kó iṣu ní Djébonoua ni ojú mi là. A bọ́ sínú kòtò kan, ilẹ̀kùn méjèèjì ṣí fúnra wọn. A bọ́ sínú èkejì, gíláàsì iwájú sán. Iṣu ń yí lójú títì, àwọn obìnrin ń bá wa ṣà á, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Egungun ọkọ̀ náà ni igi yẹn, Àníkẹ́. Òun ló di gbogbo ara rẹ̀ mú kó dúró ṣánṣán, mo sì ti yọ ọ́, mo fi irin tó wúwo jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Bàbá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ náà, ó bọ́ sílẹ̀, ó bá wọn ṣa iṣu. Níbikíbi tí o bá dé, ilé iṣẹ́ ni o, ilé ọkọ ni o, kí o tó yọ ohun tí o rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni, kọ́kọ́ wádìí ohun tó ń gbé ró. Bí a bá ń gé igi nígbó, ká fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò. Mo gé igi, n kò ro nǹkan kan wò.

Èkejì ni ti iṣẹ́ tí a kọ́ dé ìdajì. Ọdún mẹ́rin ni mo yẹ kí n fi kọ́ṣẹ́ mẹ́káníìkì ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo kọ́ ọdún méjì, mo sì ń yan bí ẹni kọ́ mẹ́jọ. Mo kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Kouassi, gbẹ́nàgbẹ́nà Baoulé tó wà ní Gonfreville nígbà náà, mo ní kó wá bá mi gé e. Ó dúró, ó fi ayùn lélẹ̀.

“Ràímì, ton papa est où?”

“Ó rìnrìn àjò.”

“Alors, attends-le.”

Bẹ́ẹ̀ nìkan. Ó ní kí n dúró de bàbá mi. Mo purọ́ fún un pé ó dára, mo wá yá ayùn rẹ̀ pé mo fẹ́ fi tún bẹ́ẹ̀dì mi ṣe. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà Kouassi ni ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn, n kò sì gbà á. Ìwọ kọ́ tìrẹ parí, ìyẹn ni mo fi ń yangàn ju ipò tí wọ́n fún ọ lọ. Ṣùgbọ́n nínú mọ́kànlá tó wà lábẹ́ rẹ, àwọn kan á ti máa fá igi kí n tó fẹ́ ìyá rẹ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fi ayùn lélẹ̀ tó ní kí o dúró, má rántí pé ìwọ ni olórí. Dúró.

Ẹ̀kẹta ni ti ẹnu, èyí tó ká mi lára jù. O ti di ẹni tí ń bá èèyàn wí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bí òṣìṣẹ́ rẹ bá ba pákó jẹ́, bá a sọ̀rọ̀ lórí pákó náà, kí o sì bá a sọ ọ́ níkọ̀kọ̀. Má bú ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí o bá bú ọwọ́ rẹ̀ lójú ayé á fi ọwọ́ yẹn gan-an fi hàn ọ́ pé òótọ́ lo sọ. Ṣé o rántí ìgbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí o lọ gbé ìfági lọ́dọ̀ onígi ẹ̀yìn ọjà, tí o fi fá etí tábìlì ṣọ́ọ̀bù títí ó fi rí bíi búrẹ́dì tí eku jẹ? Mo dé, mo ti la ẹnu. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ti wà lórí ahọ́n mi, gbogbo rẹ̀ pátá, ó kù kí n tu ú jáde. Mo gbé e mì. Mo ní, “Ó kù díẹ̀. Mú ìfági yẹn wá, jẹ́ kí n fi bí wọ́n ṣe ń dì í mú hàn ọ́.” N kò mọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú, Àníkẹ́. Mo kàn dì í mú ni. Nínú gbogbo ohun tí mo fi ọwọ́ mi ṣe láyé, ohun tí n kò sọ lọ́jọ́ náà ni mo kà sí iṣẹ́ mi tó dára jù.

Ẹ̀kẹrin, àbí ẹ̀karùn-ún ni, mo ti gbàgbé ibi tí mo kà dé. Ṣé ó tó tún ṣe? Bí o bá bi ọjà, kò tó. Ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ ti jẹ, kò sì sí ẹni tó máa rà á ní iye tí yóò tó làálàá rẹ. Bí o bá fẹ́ ṣe é kí o lè tà á, jẹ́ kí onírin kó o lọ. Bí o bá fẹ́ ṣe é nítorí pé o rò pé inú mi á dùn, má ṣe é. Ẹ̀bi mi kì í ṣe ìdọ̀tí tí ọmọ ń bá bàbá fọ̀. Ọjọ́ orí rẹ ṣeyebíye, o ní iṣẹ́ tìrẹ, ó sì ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti wà ní Abidjan níbẹ̀ tí o kò tíì dárúkọ rẹ̀ fún wa. Ìyá rẹ ló ní kí n kọ èyí.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ohun tí o rí nígbà tí o fà wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì ló ń pè ọ́, àwọn òpó méjì yẹn àti ṣáàsì tí o ní ó ṣì dúró ṣánṣán, a jẹ́ pé ó tó, ọmọ mi. Ó tó dáadáa. Ohun tó ba ọkọ̀ náà jẹ́ kì í ṣe ọjọ́ orí, kì í ṣe òjò. Ọwọ́ èèyàn ni, ohun tí ọwọ́ sì bà jẹ́, ọwọ́ lè tún un ṣe bó bá mọ iṣẹ́. Kí o tó tú ìṣó kan nínú irin mi, ya àwòrán gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ rẹ̀, fèrèsé tó wù ọ́ kò sá lọ. Má kun igi ní ọ̀dà, òróró ni kí o fi pa á. Àwọn pákó ìrókò mẹ́fà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. N kò lè tà wọ́n, n kò sì lè lò wọ́n, àtìgbà yẹn ni mo ti ń gbé wọn láti ilé dé ilé. Gbígbẹ wọn ti tó.

O máa béèrè ibi tí o ti máa rí ìwọ̀n ẹ̀yìn ọkọ̀, nígbà tí kò sí ohun tó kù níbẹ̀. Ó kù. Tábìlì ṣọ́ọ̀bù ni.

Bẹ́ẹ̀ ni. Tábìlì tí o ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ, tó ní àpá gígùn lójú tí o máa ń fi ìka tọ̀, tí o bi mí lọ́jọ́ kan pé odò wo nìyí: ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ni. Odò yẹn ni àpá òpó sìmẹ́ńtì tí mo ha. Bàbá mi ló lọ ṣà á lẹ́yìn ilé, òun àti Kouassi ló fi ẹsẹ̀ mẹ́rin sí i, tí wọ́n fá abẹ́ rẹ̀ kó má baà máa fa aṣọ ya. Ìyẹn, mo mọ̀ ọ́n, mo kàn ń pa á mọ́ ni. Ohun tí n kò mọ̀ ni ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kejì tí o pè mí, mo kó gbogbo aṣọ kúrò lórí rẹ̀, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ìfági ti kọjá ní gbogbo abẹ́ rẹ̀, ó ń dán. Àfi ibì kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ìfági dé ibẹ̀, ó dúró, ó sì yí i ká. Láàárín rẹ̀ ni pẹ́ńsùlù mi wà, lẹ́tà gàdàgbà: GÉ NÍBÍ.

Bàbá mi rí i, Àníkẹ́, pé ilẹ̀kùn tí mo ha gan-an ni mo fẹ́ gé. Ó mọ̀ọ́kà, ó sì mọ ìkọ̀wé mi. Ó ṣeé ṣe kó ti mọ̀ látìgbà tó ti jókòó sínú ọkọ̀ tó ń tẹ fírẹ̀ wò. Síbẹ̀, ó gbé ìtàn bíréèkì káàkiri ọjà, ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ó sọ ọ́ ní Jùlá, títí orúkọ Ọwọ́ Abànǹkanjẹ́ fi parẹ́ lẹ́nu wọn. Òun ló sọ mí lórúkọ yẹn, òun náà ló gbà á padà, ó fi òmùgọ̀ tó ń pani lẹ́rìn-ín rọ́pò rẹ̀ fún mi. Èmi rò pé mo tàn án jẹ. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tó kù ló fi jókòó nídìí tábìlì yẹn, orúnkún rẹ̀ lábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ó ń dúró dè mí kí n wá sọ ọ́. N kò sọ ọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé, àgbàlagbà bí èmi, mo sunkún. Mo wá tún un gbé dìde, mo to aṣọ padà, nítorí oníbàárà ti ń pè.

Mo ti sọ fún onírin kó má padà wá. Bí o bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ̀ akẹ́rù á gbé ọkọ̀ náà wá bá ọ, pẹ̀lú tábìlì àti pákó mẹ́fà. Fi tábìlì wọn ohun gbogbo, fá ojú rẹ̀ bó bá gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n má fá abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún Iléyá, èmi náà á wọ káà, n ó wá bá ọ. Orúnkún mi kò dára, n kò sì tíì mọ bí wọ́n ṣe ń di ìfági mú, ṣùgbọ́n mo lè di pákó mú bí o bá ń gé e.

Nítorí náà, ọmọ mi, má fọwọ́ kan bíréèkì kí n tó dé. Bí mo bá dé, a ó jọ ṣe é.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ràímì Bíréèkì.